Òkun Tí Mo Yà ní Ìlọrin

Àwọn ọmọ mi kì í gbà pé àjèjì ni mí. Ìlọrin ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì gbọ́njú sí. Bí mo bá sọ fún wọn pé ìlú òkèèrè ni mo ti ń gbé láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé bàbá wọn, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Wọ́n á ní ṣebí rélùweè ló gbé mi wá láti Èkó, mi ò gun ọkọ̀ ojú omi, mi ò sì rìn nínú aṣálẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dé ibi tí kò sí ẹnì kan tó mọ ìyá rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí yóò bá a rántí bí òwúrọ̀ àdúgbò rẹ̀ ṣe máa ń rùn, onítọ̀hún ti dé òkèèrè, kódà kó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló fi rìn débẹ̀. Nígbà náà sì rèé, òyìnbó ti ka Ìlọrin mọ́ ilẹ̀ Òkè Ọya, wọ́n ka àwa mọ́ etí òkun. Ará Èkó tó bá wá ń gbé Ìlọrin, ó ti ré ààlà kọjá.

Àgùdà tó ń kírun ni bàbá mi. Ilẹ̀ Bùràsíìlì ni àwọn òbí rẹ̀ ti padà dé, Pópó Àgùdà ní Èkó ni wọ́n sì tẹ̀dó sí. Iṣẹ́ ọ̀dà ni bàbá mi ń ṣe. Ó ń kun ilé, ó ń kun àjà, ó sì ń ya òkun pẹ̀lú ọkọ̀ sára pákó fún àwọn akọ̀wé tó fẹ́ nǹkan tí wọn yóò gbé kọ́ sí pálọ̀. Èmi nìkan ló bí, èmi náà ló kọ́ níṣẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ Sùlé, ọmọ Ìlọrin tó ń ra obì ní Èkó wá sí òkè, àpótí ọ̀dà ni bàbá mi fi sin mí lọ sílé ọkọ. Ọ̀dà tó wà nínú ọ̀pá òjé rírọ̀ ni, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìgò òróró ọ̀gbọ̀ kan tí wọ́n fi ń pò ó. Òróró yẹn ni afẹ́fẹ́ máa ń mú le títí yóò fi dà bí awọ.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní Àgbàjí, níbi tí ilé ọkọ mi wà, ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Kì í ṣe pé kò sí ariwo. Àwọn ọmọ ilé kéú ń ké láti òwúrọ̀, ewúrẹ́ ń ké, odó ń dún. Ṣùgbọ́n lábẹ́ gbogbo rẹ̀, kò sí nǹkan kan. Níbi tí mo ti wá, òkun wà lábẹ́ gbogbo ariwo. Bí gbogbo ayé bá dákẹ́, ìwọ á ṣì máa gbọ́ ọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo rò pé etí mi ti di ni. Mo máa ń dúró sí àárín agbólé, màá tẹ́tí sílẹ̀, kí n tó rántí pé kò sí nǹkan tí mo ń retí.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ètè mi là, awọ ara mi funfun bí ẹni tó yí nínú eérú. Nígbà kan mo jókòó nínú yàrá, mo fi ahọ́n lá ẹ̀yìn ọwọ́ mi, mo ń wá iyọ̀. Eruku ni mo bá níbẹ̀.

Àwọn obìnrin ilé kò burú sí mi. Wọ́n kàn ń fi ìgúnpá gbún ara wọn bí mo bá la ẹnu ni, nítorí ohùn Èkó mi. Ìyàwó Èkó ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n ń rànwú, wọ́n ń hun aṣọ nínú ilé, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í jáde lọ́sàn-án. Wọ́n fún mi ní ìrànwú àti òwú, mo jókòó tì wọ́n. Òwú mi ń já. Mo so ó, ó já. Ìyálé kan tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ mi á gbà á lọ́wọ́ mi, á ràn án díẹ̀, á dá a padà láìsọ̀rọ̀, á sì tún já. Nílé bàbá mi, wọ́n ń sọ pé ọwọ́ mi rọ̀ bí ọwọ́ ẹni tí Ọlọ́run fi iṣẹ́ jíńkí. Ní Ìlọrin, ọwọ́ kan náà ni wọ́n ń wò tàánútàánú.

Ọjọ́ tí ìyálé yẹn mú òwú tí mo ràn, tó kó o pọ̀ mọ́ tirẹ̀ láìṣà á sọ́tọ̀, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo jẹ tùwó mi tán lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì bù sí i.

Ìyá Àgbà ni àgbà jùlọ nínú ilé náà. Àbúrò bàbá ọkọ mi ni, ìyẹn bàbá tó ti kú. Kò bímọ. Ojú rẹ̀ ti ń bàìbàì nígbà tí mo dé, àmọ́ ó ṣì ń mọ ẹni tó ń kọjá nípa ìrìn ẹsẹ̀. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú tẹ̀súbáà rẹ̀. Ní ọ̀sán kan, mo tẹ́ àpótí ọ̀dà mi síta kí n lè nù ún, ó sì gbóòórùn òróró náà. Ó pè mí.

"Ìyàwó, wọ́n ní etí òkun ni wọ́n bí ọ sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

Mi ò mọ ohun tó ń bi mí. "Òkun náà ni, Ìyá?"

"Òkun ni."

"Ó wà níbẹ̀, Ìyá."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ ṣì wà láàyè.

Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ fún mi. Ọmọdé ni òun nígbà ogun, tí àwọn kan jí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Àjàní gbé lóko. Wọ́n tà wọ́n fún ẹnì kan, ẹni náà tà wọ́n fún ẹlòmíràn, títí wọ́n fi dé etí omi ńlá kan tí wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Ọkọ̀ onígbòkun kan dúró sí iwájú lọ́hùn-ún nínú kùrukùru. Àwọn atukọ̀ ń fi ọkọ̀ kékeré kó ènìyàn lọ bá a. Wọ́n gbé Àjàní. Ìyá fúnra rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó rù kan egungun, wọ́n ní kò ní dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n sì tì í sẹ́yìn. Ó dúró sórí iyanrìn, ó ń wo ọkọ̀ náà bó ṣe ń gun ìgbì, tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó tún ń gùn ún, títí kò fi rí i mọ́. Ilé ọlọ́lá kan ní Èkó ló ti dàgbà. Nígbà tí òyìnbó ti òwò ẹrú náà pa, ó bá àwọn aláṣọ padà sílé. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó ní àtìgbà náà ni òun ti ń rí omi náà lójú àlá, ṣùgbọ́n bí ojú òun ṣe ń lọ, àlá náà ń lọ pẹ̀lú.

"Wọ́n ní àwọn kan padà," ni Ìyá wí.

"Àwọn òbí bàbá mi wà lára wọn, Ìyá."

Tẹ̀súbáà náà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Àwọn tó padà yẹn, ṣé wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti mú wọn?"

"Àwọn mìíràn mọ̀. Àwọn mìíràn kò ní ju orúkọ lọ."

"Àjàní lorúkọ rẹ̀," ó ní. "Àpá àdá wà ní apá òsì rẹ̀. Bá mi bi bàbá rẹ."

Ẹnu Ìyá Olóbì ni mo fi ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ òwò ọkọ mi ni, obìnrin gìrìwò kan tó ń gbé obì wá láti Èkó nínú rélùweè, tó ń tà á ní ọjà Ìpàtà, tó sì ń ra ata àti aṣọ padà. Bó bá dé, omi ni á kọ́kọ́ mu. Lẹ́yìn náà ni á tún gèlè rẹ̀ wé, á wúkọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jíṣẹ́. Ó ní ẹ̀bùn kan tí mi ò rí irú rẹ̀ lára ẹlòmíràn: bó bá ń jíṣẹ́ ẹni, ohùn ẹni náà gan-an ló máa fi jẹ́ ẹ. Á mú ohùn wálẹ̀, á fa ọ̀rọ̀ bí bàbá mi ṣe máa ń fà á, á dúró níbi tí bàbá mi máa ń dúró. Mo máa ń dijú kí n má bàa rí i pé òun ni.

"Sọ fún ọmọ mi pé mo wà. Ṣé ó ń jẹun? Sọ fún un pé bó bá ń ya òkun, kó má fi búlúù nìkan yà á. Òkun kì í ṣe búlúù. Òkun tí kò bá sí eérú nínú rẹ̀, adágún ni."

Bí mo bá lajú, Ìyá Olóbì ni mo máa rí, tó ń fi etí gèlè nu àágùn. Mo máa fún un ní èsì mi, á tún un sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan kí n lè mọ̀ pé ó di í mú, á sì gbé ẹrù rẹ̀. Láàárín ìgbà tó bá lọ sí ìgbà tó bá padà, mi ò lè mọ̀ bóyá bàbá mi jí tàbí kò jí. Ẹni tó wà ní ìdálẹ̀ kò ju báyìí lọ: ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló wà láàyè, bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́.

Lẹ́yìn tí mo ti rán iṣẹ́ nípa Àjàní, Ìyá Àgbà ní kí n ya omi náà fún òun, kí òun tún rí i kí ojú òun tó pa dé. Ọkọ mi bá mi gba pákó kan lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbẹ́ wàláà fún àwọn ọmọ kéú. Ó ti fẹ́ fi í ṣe wàláà, ó là létí, ló bá fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé àáfà ni a wà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ń darí ilé, òun náà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Bàbá Àáfà ni gbogbo wa ń pè é. Ó ránṣẹ́ pè mí sí ìloro.

"Ìyàwó, mo gbọ́ pé o fẹ́ ya nǹkan."

"Ìyá ló ní kí n ya òkun fún àwọn, Bàbá Àáfà."

"Kí ló máa wà nínú rẹ̀?"

"Omi ni. Ìgbì, kùrukùru, àti ọkọ̀."

"Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ńkọ́?"

Ó mọ ìtàn náà jù mí lọ, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni Àjàní.

"Ohun tí kò ní ẹ̀mí, máa yà á," ó ní. "Ohun tó ní ẹ̀mí, fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ya ẹlẹ́mìí, ní ọjọ́ àlùkìyámọ̀ wọ́n á ní kó fẹ́ ẹ̀mí sí i, kò sì ní lè fẹ́ ẹ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bi ọ́ ní ohun tí o kò ní lè ṣe."

Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo padà sídìí pákó mi.

Mo kọ́kọ́ fi ọ̀dà pupa rẹ́súrẹ́sú tí mo fi òróró là kun gbogbo pákó, mo jẹ́ kó gbẹ. Mo wá po funfun mọ́ dúdú, mo fi búlúù bíńtín sí i, bí bàbá mi ṣe wí. Mo fi aṣọ nu ibi tí omi ti pàdé ojú ọ̀run títí kò fi sí ìlà kankan níbẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ló le jù. Ọwọ́ máa ń fẹ́ fa ìlà, nítorí ojú ń wá ibi tí yóò dúró sí. Bàbá mi máa ń ní kí n má fún un níbi ìdúró, pé kùrukùru ni ká jẹ́ kó rìn wọ̀. Mo fi funfun sí orí ìgbì tó wà nítòsí. Mo ya ọkọ̀ onígbòkun náà ní òkèèrè, bí òjìji lásán. Mo sì ya ọkọ̀ kékeré sí àárín omi, òfìfo.

Bí mo ṣe ń ṣe é, èémí mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé. Àwọn obìnrin ilé ń wá wò ó. Ìyálé tó kó òwú mi mọ́ tirẹ̀ dúró lẹ́yìn mi títí.

"Níbo ló parí sí?" ó bi mí.

"Kò parí síbì kan, Ìyá Sàlámì."

"Ohun gbogbo ló ń parí," ó ní, ó sì ń wá etí rẹ̀ kiri lójú pákó. Nígbà tó yá, ó ní ó ń ṣe òun bí òòyì, ó lọ jókòó.

Nígbà tó gbẹ, mo gbé e síwájú Ìyá Àgbà, nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀. Ó súnmọ́ ọn títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pákó.

"Omi náà nìyí," ó ní. Lẹ́yìn náà, ó ní: "Ta ló wà nínú ọkọ̀?"

"Kò sí ẹnì kan, Ìyá. Bàbá Àáfà ní kí n má ya ènìyàn."

"Ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n irọ́ nìyí. Ọkọ̀ náà kò ṣófo."

Òtítọ́ kan ń bẹ lọ́wọ́ Bàbá Àáfà, òtítọ́ kan ń bẹ lọ́wọ́ Ìyá, èmi nìkan ló sì di búrọ́ọ̀ṣì mú. Ìyá ló rí ọ̀nà fún mi.

"Tì í síwájú," ó ní. "Jẹ́ kó jìnnà débi tí ẹnikẹ́ni kò ní lè mọ̀ bóyá ènìyàn wà nínú rẹ̀."

Mo fi kùrukùru bo ọkọ̀ náà, mo tún un yà ní iwájú, ó kéré. Ó ní kí n tún tì í. Mo tún tì í. Nígbà tí kò ju èékánná ọmọdé lọ, tí ìdajì rẹ̀ ti wọ kùrukùru, ó ní kí n dáwọ́ dúró. "Ibẹ̀ ni ojú mi bá a dé," ó ní.

Oyún ti wà nínú mi nígbà náà. Òjò rọ̀, ó sì ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí Ìyá Olóbì tó mú èsì wá. Ó mu omi, ó tún gèlè wé, ó wúkọ́.

"Sọ fún ọmọ mi pé mo ti wádìí. Àwọn àgbà Àgùdà kan sọ fún mi pé bàbá arúgbó kan wà tó máa ń pe ara rẹ̀ ní ará Ìlọrin. Mo mọ ilé tí wọ́n júwe. Bí ẹsẹ̀ mi bá fúyẹ́ díẹ̀ báyìí, èmi fúnra mi á lọ wo apá òsì rẹ̀. Òróró tí o ní ó ti tán, màá fi ránṣẹ́ pẹ̀lú èsì náà."

Mo lajú. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

Ìyá Olóbì padà sí ohùn ara rẹ̀. "Ó wú díẹ̀, ọmọ mi. Àti ẹsẹ̀ àti ojú. Ó ní kí n má sọ fún ọ."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo lọ kúnlẹ̀ síwájú Bàbá Àáfà, mo ní mo fẹ́ lọ sí Èkó. Ọkọ mi ti lọ sí Bídà, kò tíì sọ ìgbà tí yóò dé. Bàbá Àáfà kò bínú, kò sì gbé ohùn sókè.

"Oṣù ìkúnlẹ̀ rẹ nìyí," ó ní. "Bí o bá bí sínú rélùweè, láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́, kí ni màá sọ fún àbúrò mi? Kí ni màá sọ fún bàbá rẹ gan-an? Sùúrù ni, ìyàwó. A ó máa ṣàdúà fún un."

Wọ́n ṣàdúà fún un lóòótọ́. Àwọn ọmọ kéú ka súúrà fún un pẹ̀lú ohùn tútù wọn, orúkọ bàbá mi sì ń ti ẹnu wọn jáde bí orúkọ ẹni tí wọ́n mọ̀. Mo jókòó nínú yàrá, mo ń gbọ́ wọn. Inú rere wọn ló yí mi ká, n kò sì rí ibi tí màá gbà jáde. Ká ní wọ́n burú ni, ǹ bá ti sá lọ.

Mo sọ èsì náà fún Ìyá Àgbà. Mo kìlọ̀ fún un pé ó lè má jẹ́ Àjàní. Ó ní òun mọ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kejì, ó ní kí wọ́n di irun òun, ó sì ní kí n gbé òkun wá.

"Yí orí ọkọ̀ náà padà," ó ní. "Jẹ́ kó kọjú síbí. Fà á bọ̀ díẹ̀."

"Òróró mi ti tán, Ìyá. Òróró ẹ̀pà ló kù, òun kì í sì í gbẹ."

"Fi í ṣe é. Bí òróró tòótọ́ bá ti Èkó dé, o ó tún un ṣe."

Mo fi òróró ẹ̀pà po ọ̀dà tó ṣẹ́kù. Mo yí orí ọkọ̀ kékeré náà padà sí etí omi, mo fà á bọ̀, mo sì jẹ́ kó tóbi tó àtàǹpàkò. Ó dára. Kò sí ohun tí mo yà rí tó dára tó o, mo sì mọ̀ ọ́n. Ìyá ní kí n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú òun. Ní àràárọ̀, á bi mí bóyá ó ti ń bọ̀. Màá ní ó ń bọ̀, Ìyá. Ọ̀dà náà kò gbẹ.

Mo bí obìnrin. Ìkómọ kọjá. Ọyẹ́ ti dé, Òkè Sóbì sì ti pòórá nínú eruku, nígbà tí Ìyá Olóbì wọlé. Ó gba omi, kò mu ún. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó wo ojú rẹ̀, ó gbé e fún ẹlòmíràn. Mo dijú láti retí ohùn bàbá mi.

"Ọmọ mi," ni Ìyá Olóbì wí, "jẹ́ kí n jókòó tì ọ́."

Ohùn ara rẹ̀ ló fi sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tó kù kó sọ fún mi mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ti sin bàbá mi. Ẹni tó bá wà ní ìdálẹ̀ kì í bá wọn ní ibi ìsìnkú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bo òkú mọ́lẹ̀. Àwọn obìnrin ilé yí mi ká, wọ́n ń kí mi, wọ́n ń ní ẹ kú àmúmọ́ra, wọ́n ń bá mi sunkún ẹni tí wọn kò rí rí. Mo ń wá ẹnì kan láàárín wọn tí mo lè sọ fún pé bàbá mi máa ń fi ìka kékeré nu funfun orí ìgbì, pé ìka náà kì í mọ́. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà máa yé.

Nígbà tó yá, mo bi Ìyá Olóbì nípa bàbá arúgbó náà.

"Bàbá rẹ kò lè rìn mọ́ kó tó kú," ó ní. "Kò sì dárúkọ ilé náà fún ẹnikẹ́ni. Mo wádìí káàkiri Pópó Àgùdà. Àwọn kan ní ó ti kú tipẹ́, àwọn kan ní ó ti kó lọ sí Bádágírì, àwọn kan ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò mọ ibi tí màá tún yà sí."

Mo dúró kí ọ̀sán pọ́n díẹ̀ kí n tó lọ bá Ìyá Àgbà. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo sọ ohun gbogbo fún un, láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó kọ́kọ́ kí mi kú ọ̀fọ̀ bàbá mi. Ó fọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúà fún un pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan nípa Àjàní. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí pákó náà.

"Ojú mi kò rí ọkọ̀ náà lónìí," ó ní. "Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

Mo wò ó. Láti ìgbà tí mo ti bímọ, mi ò dé ìdí rẹ̀ mọ́. Eruku ọyẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù náà, ó bo ọkọ̀, ó bo omi tó yí i ká, gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ kan náà. Ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́ kedere kò ní rí i dáadáa. Mi ò lè nu eruku náà kí n má nu ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

"Ó wà níbẹ̀, Ìyá. Eruku ló bò ó."

"Níbo?"

Mo mú ọwọ́ rẹ̀ láti fi hàn án, mo fẹ́ kó dúró kó tó kan pákó. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò mọ ibi tí pákó bẹ̀rẹ̀. Ó na ọwọ́ tán, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e pẹrẹsẹ, ó sì dì í mú bí ẹni tó di apá ènìyàn mú. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, omi aláwọ̀ eérú tó ti gbẹ nísàlẹ̀ ló kù lójú pákó. Ọkọ̀ náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó ń yí ọwọ́ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú ìmọ́lẹ̀.

"Mo rí i," ó ní.

Bẹ́ẹ̀ la jókòó. Mi ò lè ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pa ọwọ́ náà dé sórí itan rẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun àsárì. Nígbà náà ló mí kanlẹ̀, ó sì na ọwọ́ náà sí mi. Kò sí àlùwàlá lórí ọ̀dà. Omi gbọ́dọ̀ kan awọ ara, àwa méjèèjì ló mọ̀ ọ́n.

"Bá mi fọ̀ ọ́, ìyàwó," ó ní.

Mo bu omi. Omi kò ràn án, ó ń yọ̀ bọ́ lára rẹ̀. Mo fi òróró ẹ̀pà pa á kí ó rọ̀, mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo sì ń fi ìka mi tọ ìlà ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí inú ìlà ló fara pamọ́ sí.

"Ṣé ó ti kúrò?"

"Ó kù díẹ̀, Ìyá."

"Rọra."

Mo rọra. Nígbà tó mọ́, ó ṣe àlùwàlá rẹ̀, ó dìde, ó kọjú síbi tí à ń kọjú sí, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo gbé igbá náà lọ sẹ́yìn ilé, mo da omi inú rẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ gan-an, ó mu ún kí n tó yíjú padà.